Ẹrù Ni Kó Yan Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Ra Píkọ́ọ̀pù ní Ọ̀bà-Ilé àti Agbègbè Àkúrẹ́

Ní ọdún 2024, owó kòkó fò sókè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, nítorí náà ariwo owó yẹn kò pẹ́ kó tó dé oko Ìdànrè, Oǹdó, Ilé-Olújì àti gbogbo ẹ̀yìn Àkúrẹ́. Àwọn tó ti ń fi ọ̀kadà kó àpò jáde látinú igbó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta píkọ́ọ̀pù. Owó kòkó ti já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ọkọ̀ tí èèyàn fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà kì í bá a já wálẹ̀: epo rẹ̀ ń bẹ, táyà rẹ̀ ń bẹ, mẹkáníìkì rẹ̀ ń bẹ. Ọkọ̀ kan ń pa owó wọlé lójoojúmọ́. Òmíràn dúró sẹ́yìnkùlé, koríko ti hù yí i ká, ẹni tó ni ín ṣì ń san gbèsè.

Ohun tó sábà máa ń ya ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ibi tí ẹni tó rà á kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan wo iwájú: ọ̀dà ara rẹ̀, iná rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnì kejì wo ẹ̀yìn, níbi tí ẹrù yóò jókòó sí. Ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn la kọ orí ìwé yìí fún. A ó mú un lẹ́sẹẹsẹ: ẹrù, ọ̀nà, irú ọkọ̀, àyẹ̀wò, ìwé ọkọ̀, lẹ́yìn náà ohun èlò tí a ó so mọ́ ọn.

1. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹrù yín

Ọ̀bà-Ilé wà lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ìlú náà àti Àkúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn tán, ẹrù tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ sì ti di oríṣiríṣi. Àgbẹ̀ ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé ń kó símẹ́ńtì àti irin. Oníṣòwò ń lọ ná ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún oúnjẹ oko. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé inú ẹ́sítéètì ń lọ sí Alágbàká láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń rójú lọ sóko. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu.

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ ẹrù tó wúwo jù lọ tí ẹ máa ń gbé, àti iye ìgbà tí ẹ ń gbé e láàárín oṣù kan. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ fi èyí ṣe ìṣirò. Tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000, ni:

- àpò kòkó gbígbẹ 16, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kílò 62.5;
- àpò símẹ́ńtì 20;
- omi tó kún táǹkì onílítà 1,000, láìka táǹkì fúnra rẹ̀;
- búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 tí kò ju bí 40 sí 50 lọ, nítorí ọ̀kan lè tó kílò 20 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Pákó ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìlagi ṣì kún fún omi, ó sì wúwo ju èyí tó ti gbẹ lọ dáadáa. Iye ẹyọ pákó tí ọkọ̀ yín gbé wọ̀ọ̀rọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè ṣẹ́ sípíríǹgì rẹ̀ nígbà òjò.

Nígbà tí ẹ bá ti ní iye kílò lọ́wọ́, ẹ wá bi ọkọ̀ léèrè iye tí ó lè gbé. Àwọn píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́, bíi Toyota Hilux, Nissan Hardbody, Mitsubishi L200 àti Isuzu D-Max, sábà máa ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, bíi Toyota Tacoma, ga, wọ́n gbòòrò, ẹ́ńjìnnì wọn lágbára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò ṣe láti gbé tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ má gba èyí gbọ́ láti ẹnu wa. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ Tacoma kan, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa mọ́. Ẹ ó rí bébà funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, èyí tó ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ iye kílò àti pọ́n-ùn tí àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní 1,100 pọ́n-ùn lẹ bá níbẹ̀, kílò 500 ni. Ẹ yọ awakọ̀ àti ẹnì kan tó jókòó tì í, nǹkan bíi kílò 150. Ó ku kílò 350. Àpò kòkó 5 nìyẹn. Ìkẹfà ti kọjá ààlà. Ẹni tó ń kó àpò 16 lẹ́ẹ̀kan kò ní nǹkan í ṣe nídìí ọkọ̀ yẹn, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

2. Ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò máa tọ̀

Òjò agbègbè wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, kì í sì í dá tán títí oṣù kẹwàá fi ń parí lọ. Kòkó ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Ìyẹn ni pé àpò àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí àsìkò tí ilẹ̀ pupa ṣì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: nínú oṣù kẹsàn-án, níbo ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán máa ń dúró sí lójú ọ̀nà oko yín?

Bó bá jẹ́ pé ó ń dé ẹnu ọ̀nà àhéré, ẹ kò nílò fọ́ọ̀-wíìlì. Ẹni tó jẹ́ pé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Ọ̀bà-Ilé àti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ nìkan ló ń lọ, orí ọ̀dà ló wà. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì rìn yóò sàn fún un: owó rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, kò mu epo tó ìkejì, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ sì kéré. Ẹ fi owó tó bá kù ra táyà gidi. Táyà tí eyín rẹ̀ jìn yóò gba ọkọ̀ oníwíìlì méjì kọjá níbi tí fọ́ọ̀-wíìlì tí táyà rẹ̀ ti pá yóò ti rì.

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń dúró jìnnà sí oko, tí òkè sì wà níbẹ̀ bíi ti Ìdànrè, fọ́ọ̀-wíìlì kì í ṣe fàájì mọ́. Ẹ rí i pé ọkọ̀ náà ní ipò 4H àti 4L. 4H wà fún ẹrẹ̀ àti yanrìn nígbà tí ẹ ń lọ díẹ̀díẹ̀. 4L wà fún òkè gíga àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ara yín nínú kòtò. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo awakọ̀ tó bá máa wà á mọ èyí: a kì í fi 4H rìn lórí ọ̀dà tó gbẹ. Ní Hilux àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn á dì mọ́ra. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ̀rọ̀, wọn á máa fa ara wọn, gíà ló sì máa jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò nínú ẹrẹ̀, ẹ dá a padà sí 2H, níbi tí wíìlì ẹ̀yìn nìkan ti ń ṣiṣẹ́.

3. Orí kan tàbí orí méjì

Píkọ́ọ̀pù olórí kan, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà kan, ní ẹ̀yìn tó gùn ju mítà méjì lọ. Olórí méjì, èyí tó ní ìlà méjì àti ilẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Pákó ẹlẹ́sẹ̀ 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́rin. Nínú ẹ̀yìn kúkúrú, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni yóò yọ síta, á tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, á sì gbé iwájú sókè títí ọwọ́ ìyíkọ̀ yóò fi fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ̀rù á bà á bó bá dé kọ̀rọ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, orí kan ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ pé òun náà ni yóò gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, tí yóò sì gbé ìyá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, orí méjì ni. Ohun tí a kò gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ra orí kan, kí ẹ wá máa kó àwọn òṣìṣẹ́ oko jókòó sórí àpò lẹ́yìn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kì í fojúure wo kí èèyàn àti ẹrù pọ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹni tó bá sì já bọ́ látorí àpò kò ní bẹ́líìtì kankan tó dè é mú.

4. Pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, tí lítà pẹtiróòlù kan sì fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500, kò sí ẹni tó ń ra ọkọ̀ láìbéèrè epo mọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó lítà kan nìkan kọ́ ni kí ẹ wò.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fa ẹrù láìkánjú, kì í sì í mu epo tó ti pẹtiróòlù bó bá ru ẹrù. Ẹni tó ń ru ẹrù kíkún lọ sí ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ yóò jèrè rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni epo tí wọ́n ti dà lù: omi tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì lè ba àwọn irinṣẹ́ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì òde òní jẹ́, owó àtúnṣe wọn sì máa ń dá ẹni tó bá gbọ́ ọ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo nínú jálá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rò ó dáadáa.

Hilux onípẹtiróòlù lítà 2.7 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbègbè wa. Kò yára, òkè sì máa ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ru tọ́ọ̀nù, àmọ́ kò sí mẹkáníìkì tó dáńtọ́ ní Àkúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ní ẹ́ńjìnnì onílítà 4.0 tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ó ń sáré, ó sì ń fa òkè, àmọ́ epo ló fi ń ṣe é. Kí ẹ tó rà á, ẹ bẹ ẹni tó ní irú rẹ̀ kó kún táǹkì, kó kọ kìlómítà tó bá níbẹ̀ sílẹ̀, kó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kó tún kún un. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni òótọ́. Ẹnu olùtajà kì í ṣe òṣùwọ̀n.

5. Tíà-rọ́bà, tòkunbọ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí

Ní ayé àwọn bàbá wa, ìbéèrè yìí kò le. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni. Ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní 1975, ló ń kó wọn jáde, àwọn káfíńtà á sì kan pákó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kó lè gba àpò sí i. Ohun tó mú ọkọ̀ yẹn pẹ́ lójú ọ̀nà kì í ṣe pé kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Àmọ́ ibi tó bá bàjẹ́ sí náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà káàkiri. Òfin yẹn kò tíì yí padà: ẹ ra ọkọ̀ tí wọ́n lè tún ṣe níbi tí ẹ ń gbé.

Tíà-rọ́bà dára fún ẹni tí owó rẹ̀ ká a, tí ọkọ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ilé iṣẹ́ sì ń fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó san owó: Ọdún mélòó tàbí kìlómítà mélòó ni ìfọwọ́sọ̀yà náà? Ṣé ní Àkúrẹ́ ni wọn yóò ti máa tọ́jú rẹ̀, àbí Ìbàdàn tàbí Èkó ni ẹ ó máa gbé e lọ? Ẹ̀yà wo ni kò sí nínú ìfọwọ́sọ̀yà? Àwọn ọkọ̀ Ṣáínà tuntun àti IVM tí Innoson ń ṣe ní Nnewi lè kéré lówó sí Hilux tuntun. Wọ́n yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, bí ẹ bá ti fojú ara yín rí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara wọn nítòsí. Bó bá jẹ́ pé ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin lẹ ó máa ránṣẹ́ sí fún ẹ̀yà ara kékeré, ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò fi jókòó ni kí ẹ fi kún owó rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò rà. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí ló kéré jù lówó, òun náà ló sì ń fẹ́ ojú jù, pàápàá bó bá jẹ́ ọkọ̀ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tàbí ti ọ́fíìsì tó jẹ́ pé ẹni tó ń wà á kọ́ ló ni ín.

6. Yíyẹ ọkọ̀ wò

Ẹ lọ lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí olùtajà pè wá. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ má bàa mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ dúró dè é.

Ọmọkùnrin tó ń tà á á ní: "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ wọlé kẹ́ ẹ máa wà á lọ. Ọkọ̀ yìí ò ní wàhálà kankan."

Ẹ dá a lóhùn pé: "O ṣeun, ọmọ mi. Bá wa wá páálí kan ká tẹ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì mi fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ ná."

Abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ṣáṣí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́: ní 2016, Toyota àti àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹjọ́ ṣáṣí tó ń dógùn-ún lára Tacoma ọdún 2005 sí 2010 àti àwọn Tundra àti Sequoia kan. Irú Tacoma àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò ṣọ̀wọ́n lójú títì wa. Kí mẹkáníìkì mú òòlù kékeré, kó máa kan ṣáṣí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lápá ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó pé á dún gan-an, ọwọ́ á sì ta padà. Èyí tí ìdógùn-ún ti jẹ nínú á dún bọ̀ọ́, èérún pupa á sì máa já bọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ẹwà. Ẹ ha á díẹ̀ kí ẹ rí ohun tí wọ́n fi bò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá nọ́ńbà ọkọ̀, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú tàbí lára ilẹ̀kùn, ó sì wà lára ṣáṣí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, irin tí wọ́n kọ ọ́ sí kò sì gbọdọ̀ ní àmì jíjó tàbí yíyọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 3 jẹ́ Mẹ́síkò. J jẹ́ Japan. AHT ni Hilux tó ti Gúúsù Áfíríkà wá. MR0 ni ti Tàílándì. Lára àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, F jẹ́ 2015, L jẹ́ 2020. Olùtajà lè pe ọdún tó wù ú. Nọ́ńbà kì í bá a purọ́.

Ẹ wo bóyá omi ti gbé ọkọ̀ náà rí. Nígbà tí ìjì Harvey ya wọ ìpínlẹ̀ Texas ní 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló rì sómi, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń dé gbàǹjo. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí yóò fi tán. Apá tó máa ń ká sínú ni wọn kì í rántí fọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà omi tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ lára rẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ tún fọwọ́ wá abẹ́ ìjókòó, níbi irin tó ń gbé e síwásẹ́yìn, bóyá ó ti dógùn-ún.

Ẹ wá tan án wàyí. Èéfín búlúù ń sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò lọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán ń sọ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Èéfín dúdú jẹ́ ti epo tó pọ̀ jù. Ẹ wà á gba ibi tí òkè wà, kí ẹ sì dé ibi tí ẹrẹ̀ tàbí yanrìn wà láti dán 4H àti 4L wò. Bí iná rẹ̀ kò bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí tó ń dún gbàgà, kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì ni wọ́n tà fún yín, orúkọ rẹ̀ lásán ni.

Táyà ló kẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT, òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Lẹ́yìn ìwọ̀n bíi 265/65R17, ẹ ó rí òǹkà tó ń sọ ẹrù tí táyà lè rù: 112 jẹ́ kílò 1,120, 100 jẹ́ 800. Táyà tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì jìn, àmọ́ tí ara rẹ̀ ti ń sán, bó bá bẹ́ lórí ìrìn pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀mí lè bá a lọ.

7. Ìwé ọkọ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté omi nìkan ni ó gbà. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọkọ̀ náà ti Kùtọnu wọlé lẹ́yìn ọdún yẹn, ẹ má fi owó sílẹ̀. Ìwé owó bodè gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà 17 kan náà tí ẹ rí lára ṣáṣí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá sá wọlé, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá a ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tó tà á ti lọ.

Ẹ ṣe ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì yí orúkọ padà sí tiyín kíákíá. Nọ́ńbà aláwọ̀ búlúù ni ti ọkọ̀ ara ẹni, pupa ni ti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ owó. Ẹ má fi búlúù gbé ẹrù ẹlẹ́rù gbowó. Ìṣedúró fún ẹni kẹta jẹ́ ọ̀ranyàn. Láti oṣù kìíní 2023 ni ti ọkọ̀ ara ẹni ti di 15,000 náírà lọ́dún. Ọkọ̀ tó ń gbé ọjà olówó rẹ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe gan-an fún ilé iṣẹ́ ìṣedúró, kí wọ́n má bàa kọ̀ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

8. Ohun èlò: gbogbo irin tí ẹ bá so mọ́ ọkọ̀, ẹrù ni

Owó tó kù lẹ́yìn ríra ọkọ̀ ni àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ń wá. Ẹ fi òfin kan dá wọn lóhùn: iye kílò tí ohun èlò bá wúwo, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù tí ẹ lè gbé. Irin iwájú tó nípọn lè lé ní kílò 40. Bí ẹ bá fi irin orí ẹ̀yìn àti àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un, ó lè tó àpò kòkó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àpò yẹn ni ẹ ó máa fi sílẹ̀ sóko ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ.

Àwọn tí ẹ ó rà lọ́sẹ̀ kìíní nìwọ̀nyí:

- Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ń gba ara ọkọ̀ lọ́wọ́ irin àti búlọ́ọ̀kù, kì í sì í jẹ́ kí àpò yọ̀.
- Tapólì tó nípọn àti okùn gidi. Kòkó gbígbẹ tí òjò pa lọ́nà máa ń bu, owó rẹ̀ á sì já. Ẹ ra èyí tó bo ẹ̀yìn tán tí etí rẹ̀ sì ṣẹ́ kù láti so.
- Ibi ìso okùn mẹ́rin, ó kéré tán, lára bọ́dì. Wẹ́dà lè jó o mọ́ ọn, àmọ́ kó má ṣe jó irin kankan mọ́ ṣáṣí fúnra rẹ̀.
- Jáàkì tó lè gbé ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, sípánà wíìlì, àti pákó pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ jáàkì. Láìsí pákó yẹn, jáàkì á rì sínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró síbẹ̀.
- C-caution, ẹ̀rọ ìpaná, iná tọ́ọ̀ṣì, àti okùn ìfàkọ̀.
- Ohun tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn lórí fóònù. Hilux wà lára ọkọ̀ tí olè fẹ́ràn jù. Ẹ ní kí ríwáyà fi í síbi tí kò hàn, kí òun nìkan àti ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo táyà ìpààrọ̀ tó so sábẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí irin tó gbé e má bàa dì mọ́ra, kí ẹ sì fi àgádágodo sí i.

Àwọn mìíràn, ẹ dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá béèrè wọn. Ìbòrí irin tàbí ti ike líle tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn dára fún ẹni tó ń kó ọjà tí kò gbọdọ̀ tutù. Ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó á kàn bá a jà ni. Irin iwájú wúlò fún ẹni tó ń kọjá nínú igbó àti níbi tí ẹran ti ń sọdá ojú ọ̀nà. Ẹ yan èyí tí kò bo iná tàbí afẹ́fẹ́ tó ń tu ẹ́ńjìnnì.

Sípíríǹgì àfikún ni ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn jù. Mẹkáníìkì á ní kí ẹ fi ewé kan tàbí méjì kún un, ọkọ̀ á gbé tọ́ọ̀nù méjì. Òótọ́ ni pé ìdí rẹ̀ kò ní tẹ̀ mọ́. Àmọ́ bíréèkì, táyà, àkísù àti ṣáṣí ni wọn kò fi nǹkan kan kún. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ mú àmì tó ń sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù kúrò. Ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé tọ́ọ̀nù méjì lóòótọ́, ẹ ta píkọ́ọ̀pù, kí ẹ ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré.

Àwọn tí ẹ ó fi sílẹ̀: iná tó ń kọ pupa àti búlúù, àti síréènì, nítorí ti aráàlú kọ́; táyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tó ń jẹ epo, tó sì ń jẹ́ kí òǹkà iyára ọkọ̀ purọ́; àti páìpù afẹ́fẹ́ tó ga dé orí òrùlé fún ẹni tí kò sódò rí.

9. Kí ẹ tó ka owó

Ẹ jókòó, kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́fà yìí sórí bébà:

- Kílò mélòó ni ẹrù mi tó wúwo jù, ọkọ̀ yìí ha lè gbé e pẹ̀lú èèyàn méjì nínú rẹ̀?
- Ṣé yóò dé oko mi nínú oṣù kẹsàn-án?
- Ta ni yóò máa tún un ṣe ní Àkúrẹ́, ibo ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà?
- Ṣé òòlù ti kan ṣáṣí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn?
- Ṣé nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti ìwé bára mu?
- Lẹ́yìn tí mo bá san owó rẹ̀ tán, ṣé ó ku owó táyà mẹ́rin, ọ́ìlì, bátìrì àti ìṣedúró lọ́wọ́ mi?

Èyí tó gbẹ̀yìn ló ń mú èèyàn jù. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, ẹ ra ọkọ̀ tó kéré sí i lówó, tàbí kí ẹ dúró de kòkó ọdún tó ń bọ̀. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ san owó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.